Kọ́bọ̀ Inú Ahoro: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò sí Orí Òkè Vermont

Ọjọ́ Ẹtì

Aago méje àárọ̀ la kúrò ní Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ máa ń jáde fún iṣẹ́ yìí. A gba Route 2 lọ sí ìwọ̀ oòrùn títí dé Greenfield, a yà sórí I-91, a wá ń gòkè lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Connecticut. A kọjá Brattleboro, a kọjá Bellows Falls, kò pẹ́ tí òkè Ascutney fi yọrí níwájú. Ìparí Ọ̀kítóbà ni. Ewé ti já lórí ọ̀pọ̀ igi, koríko ti kú, yìnyín kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ báyìí nínú ọdún ni ènìyàn lè fojú rí ohun tí igbó bò mọ́lẹ̀ láti oṣù karùn-ún, mi ò sì fi í ṣeré rárá.

Owó àtijọ́ la ń wá, nínú ahoro oko. Metal detector la fi ń wá a, ẹ̀rọ tí awo rẹ̀ máa ń fò lórí ilẹ̀, tí yóò sì dún sí ènìyàn létí bí irin, bàbà tàbí fàdákà bá wà nísàlẹ̀. Ahoro pọ̀ ní Massachusetts náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi máa ń fà sí Windsor County, àgbègbè kan tó kó ìlú púpọ̀ pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Vermont, nítorí ìtàn rẹ̀. Ní Weathersfield, létí odò yìí gan-an, ni William Jarvis, tó ti jẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Lisbon, kó àgùntàn Merino rẹ̀ wá ní 1811. Irun wọn dára púpọ̀, owó sì wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ gé igbó, wọ́n ṣa òkúta, wọ́n fi òkúta mọ ògiri, gbogbo orí òkè di pápá ẹran. Nígbà tó fi di 1840, àgùntàn Vermont ti lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò sì tó 300,000. Lẹ́yìn náà ni owó irun já wálẹ̀. Erie Canal, odò àfọwọ́gbẹ́ tí wọ́n là ní 1825, ti ṣí ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tún wá kún un, ilẹ̀ ọ̀hún sì tẹ́jú, kò ní òkúta. Ọ̀pọ̀ ìdílé palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ. Igbó tí àwọn ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá wò lónìí nítorí àwọ̀ ewé rẹ̀, orí oko wọn ló hù sí.

Ìyá tó ni ilẹ̀ náà ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù tipẹ́, a sì mú ìwé wá tí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí: ibi tí a lè gbẹ́, ibi tí a kò gbọdọ̀ dé (itẹ́ òkú ìdílé kan wà létí pápá, ògiri òkúta yí i ká), àti pé ohunkóhun tí a bá rí, òun ni yóò kọ́kọ́ wò ó, yóò sì mú èyí tó bá wù ú. Mi ò jẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ti ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: òfin kan tó jáde ní 1979 ka wíwú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún léèwọ̀ láìgba ìwé àṣẹ, nínú ọgbà National Park sì rèé, ènìyàn kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ yìí rárá.

Tíì ni ó fi ṣe wá lálejò. Ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ahoro méjì ló wà lórí ilẹ̀ òun, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè pátápátá. Bàbá bàbá òun máa ń sọ pé ọdún tí kò sí ẹ̀ẹ̀rùn ló lé àwọn ará òkè lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ọdún 1816 nìyẹn. Òkè oníná Tambora ti bú ní Indonéṣíà ní oṣù kẹrin 1815, eérú àti èéfín rẹ̀ sì bo ojú oòrùn yíká ayé. Ní Vermont, yìnyín bọ́ ní oṣù kẹfà 1816, òtútù tún pa àgbàdo lẹ́yìn rẹ̀, ìyàn sì mú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ṣí lọ lóòótọ́. Mo sọ fún un pé kọ́bọ̀ lè fèsì díẹ̀ nínú ìbéèrè rẹ̀, bí a bá rí kọ́bọ̀.

Lálẹ́, a tẹ́ máàpù sórí tábìlì. Ìwé máàpù Beers ti 1869 fi gbogbo ilé Windsor County hàn, ó kọ orúkọ onílé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ sì wà lára rẹ̀. Òkè pátápátá kò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwòrán LiDAR, tí ọkọ̀ òfurufú fi iná léésà yà gba àárín igi kọjá dé ilẹ̀, fi kòtò onígun mẹ́rin hàn wá lókè níbẹ̀, àti ògiri tó yí i ká. Àwọn ará òkè ti lọ kí 1869 tó dé. Ìgbà wo ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Oko ìsàlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Kí a tó tan ẹ̀rọ, a rìn yí ibẹ̀ ká, a kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kòtò yàrá abẹ́ ilé ṣì jinlẹ̀ tó ènìyàn, igi birch kan ti hù láàárín rẹ̀. Igi lilac wà ní igun kan, igi ápù tó ti gbó wà lẹ́yìn, ewé vinca sì tẹ́ nílẹ̀, tútù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo ewé yòókù ti gbẹ. Ní ilé wa, ẹni tó bá rí pèrègún nínú igbó mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ló gbìn ín, pé ààlà tàbí ojúbọ kan ti wà níbẹ̀ rí. Ohun tí lilac ń sọ níbí nìyẹn. Òkúta ẹnu ọ̀nà ṣì wà ní ìdúró rẹ̀. Láti ibẹ̀ a wo apá ibi tí kànga wà, nítorí pé ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ni owó ti ń bọ́ lápò ènìyàn.

Ìṣó ni ìyọnu ibi báyìí. Ilé pákó ni wọ́n ń kọ́. Bí ilé bá wó, pákó á jẹrà, ìṣó á kù sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò dákẹ́: gùrùgùrù, gùrùgùrù. Ìṣó tó tẹ̀ tún lè fi ohùn gíga tan ènìyàn jẹ bíi ti bàbà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ́ mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ni pé kí n fi awo rìn lórí ibẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, kí n yí ara padà, kí n tún fi rìn án láti ìhà kejì. Ohùn tó bá mọ́ ní ìhà méjèèjì, gbẹ́ ẹ. Èyí tó bá sọnù nígbà tí o yí padà, irin ni.

A rí kọ́bọ̀ Indian Head, èyí tí orí ara rẹ̀ dé fìlà ìyẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti 1863, ara rẹ̀ funfun ju ti àwọn tó tẹ̀lé e lọ, torí pé irin nickel ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n sọ ọ́ di idẹ. A rí owó kọ́bọ̀-méjì ti 1865, irú èyí tí wọ́n ṣe láti 1864 sí 1873 nìkan, tó sì jẹ́ owó Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ "In God We Trust" sí. Nínú abà, ṣaworo idẹ kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ orí yìnyín. East Hampton ní Connecticut ni William Barton ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣaworo ní 1808, ìlú náà ṣì ń jẹ́ Belltown dòní. Mo mì ín lẹ́yìn tí mo gbọn ilẹ̀ inú rẹ̀ dànù, ó sì dún! Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ láti etí kànga, ó ní, "Àbúrò, tún un mì."

Kọ́bọ̀ Lincoln kan tún jáde, 1944, ní ìdí ògiri òkúta tó jìnnà sí ilé. Ẹni tó bá ń yára á sọ pé ènìyàn ṣì ń gbé ibẹ̀ ní 1944. Ṣùgbọ́n ìdí ọta ìbọn mẹ́ta tí wọ́n fi idẹ ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdẹ ló jókòó síbẹ̀. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ti jáde sílẹ̀ kí n tó fi sínú àpò: ibi tí mo ti gbé e, bó ti jìn tó, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ́bọ̀ tí a kò mọ ibi tó ti wá, ọjà lásán ni.

Àwa náà wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn o, torí àsìkò ọdẹ ni. Nígbà tí a padà, a yẹ ara wa wò fún eégbọn láti ọrùn dé kókósẹ̀. Eégbọn ibí ló ń gbé àrùn Lyme kiri, òtútù Ọ̀kítóbà kì í dá a dúró.

Ọjọ́ Àìkú

Òjò títí di ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n bá ìjọ rẹ̀ jọ́sìn lórí fóònù, èmi to àwọn ohun ti àná sínú ike, mo kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò fọ̀ wọ́n. Bàbà tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ tó ní ásíìdì báyìí ti rọ̀ lójú. Bí o bá fi ìka ra á, orí tó wà lára rẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ìgi ìtayín ni mo fi ń yọ ilẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ.

Lẹ́yìn oúnjẹ, òjò dá, a gòkè. Ọ̀nà ìlú ni ọ̀nà náà nínú ìwé síbẹ̀, irú èyí tí Vermont ń pè ní Class 4, tí kò di dandan fún ìlú láti tún un ṣe. Omi ti gbẹ́ ẹ di òkúta. A fi ẹsẹ̀ rìn.

Mo fẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ ògiri díẹ̀. Bí ògiri bá jẹ́ òkúta ńláńlá nìkan, pápá ẹran ló yí ká: wọ́n yí èyí tó tóbi sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi èyí tó kéré sílẹ̀. Bí òkúta kéékèèké, bí ẹ̀kúnwọ́, bá kún àárín ògiri, ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ ló wà níbẹ̀, torí pé ọdọọdún ni òtútù máa ń ti òkúta tuntun sókè, tí àwọn ọmọ á sì ṣà wọ́n kúrò lójú ebè. Lókè níbí, ògiri tó sún mọ́ kòtò ilé kún fún òkúta kéékèèké. Àwọn tó gbé ibí gbin nǹkan kí wọ́n tó sin àgùntàn. Mo fi ọwọ́ kan òkúta kan, ó tó èyí tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè gbé.

Ìṣó ibí yàtọ̀. Alágbẹ̀dẹ ló fi òòlù lù wọ́n, orí wọn rí bí ewé òdòdó. Bọ́tìnnì pẹlẹbẹ ni a kọ́kọ́ rí, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, èyí tí wọ́n kọ "London" sí lẹ́yìn wà nínú wọn, ìyókù kò ní nǹkan kan lára.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ẹ̀gbọ́n pè mí. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Wá wo ǹkan." Ó ti gé ilẹ̀ ní ìhà mẹ́ta, ó yí koríko rẹ̀ sẹ́yìn bí ìdérí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe kí gbòǹgbò má bàa kú. Nínú ihò, ní nǹkan bí ínṣì 5, ohun tín-ínrín kan ń dán. Fàdákà! Kò tó dime, owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá Amẹ́ríkà ìsinsìnyí. Orí ọba wà lójú kan, CAROLUS IIII yí i ká, 179 ni mo rí kà nínú ọdún rẹ̀, nọ́ńbà ìkẹyìn ti pa rẹ́. Lẹ́tà M tí òdo kékeré wà lórí rẹ̀ sì wà lójú kejì: ilé-owó ìlú Mẹ́síkò. Ààbọ̀ réàlì ti Sípéènì ni.

Ẹni tí kò bá mọ̀ á béèrè ohun tí owó Sípéènì ń wá lórí òkè Vermont. Títí di 1857, owó Sípéènì jẹ́ owó tí òfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí pé kí wọ́n ná. Réàlì mẹ́jọ ni dọ́là kan, ààbọ̀ réàlì sì jẹ́ sẹ́ǹtì mẹ́fà àti ìdá mẹ́rin. Fàdákà Sípéènì àti Mẹ́síkò yìí náà dé etíkun wa. Ní Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ń ná dọ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹyọ. Ẹ̀gbọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní bàbá ìyá òun rí irú dọ́là ńlá rẹ̀ nínú àpótí àwọn àgbà ní Abẹ́òkúta. Ìdùnnú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè tan ẹ̀rọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ajé

Oòrùn ràn. A padà sókè kíákíá.

Réàlì kò tíì dáhùn ìbéèrè màmá. Fàdákà ti àwọn ọdún 1790 lè bọ́ lápò ẹni tó sá lọ ní 1816, ó sì tún lè bọ́ lápò ẹni tó gbé ibẹ̀ ní 1850. Ọdún ara owó ń sọ ìgbà tí kò lè ṣáájú fún wa, kò sọ ìgbà tó bọ́. Ohun tí a nílò ni kọ́bọ̀ ńlá.

Láti 1793 sí 1857, kọ́bọ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ bàbà gidi, ó fẹ̀ ju quarter, owó sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìsinsìnyí, lọ. Ọdún kan ṣoṣo ló fò nínú gbogbo rẹ̀, 1815, nítorí ogun Amẹ́ríkà àti Bírítéènì dí ọ̀nà mọ́ bàbà tí wọ́n ń rà láti ilé-iṣẹ́ Boulton ní Birmingham, ní Bírítéènì. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1816, orí obìnrin tó wà lára rẹ̀ ti yí padà. Nítorí náà, bí a bá rí orí tuntun yìí lókè, ẹni tó sọ ọ́ nù ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ọdún burúkú yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́ jáde láàárín ẹnu ọ̀nà àti kànga. Ohùn rẹ̀ mọ́ ní ìhà méjèèjì, mo sì ti mọ ohun tí ó jẹ́ kí n tó gbẹ́ ẹ, torí ó gbòòrò lábẹ́ awo. Ilẹ̀ ti jẹ ojú rẹ̀, ọdún kò ṣeé kà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, orí ọdún 1816 sókè ni, kò sí àní-àní.

Èkejì ni mo ń fẹ́ sọ. Ó wà lẹ́bàá ògiri ọgbà, níbi tí àlàfo géètì wà, ní ínṣì 6. Ó jáde ní àwọ̀ ewé dúdú, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi ìgi ìtayín tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lábẹ́ orí: 1838. Irun orí obìnrin náà ṣì hàn fọ́nrán-fọ́nrán. Kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn nígbà tó bọ́. Owó tí wọ́n ti ná fún ogún ọdún kì í rí báyìí. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ́. Ẹnìkan gba géètì yìí kọjá ní nǹkan bí 1840, ó sì ṣì ń ná owó níbí.

A wá gbogbo àyíká ilé títí di ìrọ̀lẹ́. Ìbọ̀ka aránṣọ kan, ṣíbí òjé tó ti ká, ọta òjé, irin pátákò màlúù. Kò sí kọ́bọ̀ kékeré kan, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1857. Lókè níbí, kò sí nǹkan kan tó kọjá 1838.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ní Vermont, akọ̀wé ìlú ló ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, kì í ṣe county. A wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tó ṣí. Obìnrin náà mú wa wọ yàrá onílẹ̀kùn irin, ó fi ìwé atọ́ka hàn wá, ó fi wá sílẹ̀. Láti orúkọ tó wà nínú máàpù 1869 la ti ń rìn padà sẹ́yìn, ẹni tó tà fún ẹni tó rà.

Ìdílé ìsàlẹ̀ ra ilẹ̀ òkè ní 1851. Ìwé náà dárúkọ òkúta ààlà àti igi maple kan, kò dárúkọ ilé. Ìwé tó ṣáájú rẹ̀, ti 1817, sọ ilẹ̀, ilé àti abà. Ní 1817, ìdílé kan ta ohun gbogbo fún ìdílé mìíràn, ọdún kan lẹ́yìn tí yìnyín bọ́ ní oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n fi ìka tọ ojú ìwé náà. "Bàbá àgbà wọn kò parọ́."

Kò parọ́ lóòótọ́. Àwọn tó ṣa òkúta kéékèèké sí ògiri ni ọdún 1816 lé lọ. Ìdílé mìíràn ló wá sínú ilé wọn, wọ́n gbé ibẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún, àwọn ló sọ kọ́bọ̀ 1838 nù, wọ́n sì ti lọ kí 1851 tó dé.

Nígbà tí a sọ ọ́ fún màmá, ó ní kí a tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mú kọ́bọ̀ 1838. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́ kí òun mú réàlì, ó gbà. Ṣaworo àti ìyókù, títí kan bọ́tìnnì tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ó ní kí a kó wọn fún ẹgbẹ́ ìtàn ìlú pẹ̀lú ìwé tí mo kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde sí, èmi náà sì fara mọ́ ọn pátápátá. A lọ wo gbogbo ihò tí a gbẹ́, a tẹ koríko wọn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Abà òkè ni a kò tíì fọwọ́ kàn. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà, ẹ̀gún bò ó. Màmá ní kí a wá ní oṣù kẹrin, kí ewé tó yọ, bí ẹrẹ̀ ọ̀nà bá ti gbẹ tó láti rìn.